Ká Ní Kò Sí Ènìyàn Kankan Nínú Ilé

"Ta ló kọ ìlà kejì yìí?"

Mo bi Alàgbà Olúgbódi bẹ́ẹ̀, ìka mi wà lára pátákó. Àmọ́ kí n má purọ́, mo ti mọ ẹni tó kọ ọ́ kí n tó béèrè. Ta ni kì í dá ọmọ rẹ̀ mọ̀?

Alàgbà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Òun ni olùṣọ́ ìsédò Ayẹ̀wá, ògiri ńlá tó sé odò mọ́ lókè ìlú, ó sì ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirimú. Ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná nínú ife, ó ń wo omi láti ojú fèrèsé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òjò ti ń rọ̀. Omi ti gun igi ìwọ̀n, ó ku ìwọ̀n ìka méjì kó kan ilà pupa.

"Ìwọ náà kúkú mọ̀," ó ní. "Ìlà tó bá ti jẹ́ aláwọ̀ eérú, a yá a ni. Fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á dárúkọ ẹni tó bí i fún ọ."

Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó sọ ọ́ jáde ketekete: Ìbírónkẹ́ Adéṣawẹ̀ ló kọ ọ́, ọdún méjìlá sẹ́yìn, fún iná ilé. Ẹ̀rọ mọ́kànlélógójì ló ti yá a.

Ìtàn tó wà lórí pátákó náà kò gùn rárá. Ìtàn ilẹ̀kùn omi apá Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ ni:

Ká ní omi ti dé ilà pupa.
Ká ní kò sí ènìyàn kankan nínú ilé.
Bí aago méjì ọ̀sán bá lù,
kí ilẹ̀kùn omi ṣí.

Ìlà mẹ́ta dúdú, ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ eérú. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to orúkọ ilé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ sí, èyí tí omi yóò gbà kọjá bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí: ó ṣófo, ó ṣófo, ó ṣófo. Mo wo ìsàlẹ̀ títí mo fi dé ilé kejìlélógún. Ilé Ìyá Olùkọ́ Adéṣawẹ̀. Ó ṣófo.

"Alàgbà," mo ní, "ta ló gbé Màámi jáde níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Wọ́n rí mọ́tò rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yín lánàá."

"Ẹ̀rọ wá mọ̀ báwo pé ilé náà ṣófo?"

Alàgbà yí padà, ó wò mí bí ẹni tí ọmọ ilé-ìwé bi ní ìbéèrè tí kò yẹ kó máa bi í. "Ìbírónkẹ́, ṣé èmi ni kí n wá sọ gbòǹgbò gbólóhùn rẹ fún ọ?"

Ojú tì mí. Iṣẹ́ mi ni. Àwa tí wọ́n ń pè ní Oníká-ní, àwa là ń kọ ìtàn tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Láti ọdún tí ọ̀gá olóṣèlú kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn omi sórí àdúgbò tí kò dìbò fún un, òfin ti gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ènìyàn. Ìtàn nìkan ló lè ṣí i báyìí. Kí ìtàn sì tó di òfin, wọ́n ní láti kà á sí etí ènìyàn méje tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí àwọn méjèèje sọ pé, "Ó yé wa." Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ọ́ kó mọ́, kó rọrùn, kí arúgbó àti ọmọdé lè gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Gbólóhùn tó bá sì mọ́ dáadáa, ẹ̀rọ mìíràn lè yá a. Ìgbéraga ńlá ni fún Oníká-ní kí wọ́n máa yá gbólóhùn rẹ̀. Tèmi ni wọ́n ń yá jù ní gbogbo Ìdó-Ayẹ̀wá, mo sì máa ń jẹ́ kí ayé mọ̀.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn ní gbòǹgbò. Gbòǹgbò ni ohun tí ẹ̀rọ máa lọ ṣe nígbà tó bá ka ìlà náà. Etí kì í gbọ́ ọ, ojú kì í rí i. Gbòǹgbò tèmi nìyí: ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà yóò pe orúkọ onílé lẹ́ẹ̀mẹta, bí ohùn kankan kò bá dáhùn, ilé ṣófo.

Èmi ni mo yàn án bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, wọ́n fẹ́ fi ojú ẹ̀rọ sínú yàrá kọ̀ọ̀kan kó máa wò bóyá ènìyàn wà níbẹ̀ kó tó pa iná. Mo fárígá. Mo ní kò sí ẹni tó máa fi ojú sínú yàrá ẹni ẹlẹ́ni nítorí iná lásán. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí ẹ̀rọ bá sì ṣèèṣì, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Iná á kú, onílé á kígbe, iná á padà. Ṣé ìyẹn lè pa ènìyàn?

"Alàgbà," mo ní, "Màámi kì í gbọ́ràn mọ́. Ọdún márùn-ún nìyí tí etí wọn ti di pátápátá."

Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. "Bọ̀ọ̀dá Adéògún, Màámi ńkọ́?"

"Màámi bíi ti báwo? Ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n wà?"

"Ọ̀dọ̀ mi kẹ̀?"

"Mo gbé mọ́tò lọ lánàá, wọ́n lé mi padà! Wọ́n ní ìwọ ni àwọn ń dúró dè, pé o ti ṣèlérí pé ọjọ́ Ẹtì ni wàá wá. Mo ní ó dáa, Ìbírónkẹ́ á gbé wọn. Ìwọ náà kò mọ agídí ìyá rẹ ni?"

Òní ni ọjọ́ Ẹtì. Lóòótọ́ ni mo ṣèlérí, ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbàgbé. Mo pa fóònù láì dágbére fún un.

Wọ́n fi mọ́tò agbóhùnsókè káàkiri Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ lọ́jọ́ méjì gbáko, wọ́n ń pariwo pé kí gbogbo ènìyàn gba orí òkè lọ. Màámi jókòó sínú ilé wọn, wọn kò gbọ́. Àwọn aládùúgbò rí mọ́tò Bọ̀ọ̀dá, wọ́n rò pé Màámi ti lọ. Ẹnu ọ̀nà pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kò sí ènìyàn. Gbogbo ayé ló ti béèrè Màámi tán, ẹnì kankan kò sì wo inú ilé.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Mo ti ń pa òwe yẹn látìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò mọ̀ pé lórí mi ni yóò ti ṣẹ.

"Aago mélòó ló lù?" mo bi Alàgbà.

"Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù."

"Mo fẹ́ gba gbólóhùn mi padà."

Ó fò dìde bí ọmọdé. "Ẹ wá gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ń sọ! O fẹ́ kí gbogbo ìlú kú ni? Tó o bá gbà á padà, ìtàn yẹn ti já nìyẹn. Ilẹ̀kùn ò ní ṣí mọ́. Kò sí ọwọ́ tó lè ṣí i, ìwọ náà mọ òfin. Ògiri yẹn kò lè gbé omi yìí kọjá aago mẹ́rin. Bí ògiri bá lọ, kì í ṣe Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ nìkan, Ìdó-Ayẹ̀wá ni o, ènìyàn ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá!"

"Bí mi ò bá gbà á padà ńkọ́? Aago méjì ni wọ́n máa ṣí omi lé ìyá mi lórí."

Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Alàgbà fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi gbólóhùn sínú àká tí àwọn ẹ̀rọ ti ń yá a.

"Gbọ́ mi, ọmọ mi. Alùpùpù rẹ wà níta. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì lo máa fi dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ. Wọlé, gbé ìyá rẹ, jáde. Aago kan kò ní tíì lù dáadáa. Aago méjì á lù, omi á lọ, ògiri á dúró. Lẹ́yìn náà, bí òjò bá ti dá, kí àwa méjèèjì wá jókòó tún gbólóhùn náà ṣe ní jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ọkàn mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi bí oyin. Oníká-ní tó bá gba gbólóhùn rẹ̀ padà, ó ti fọ́ àwo ara rẹ̀. Gbogbo èyí tó kù tó ti kọ láyé ni wọn yóò máa fi ojú fura wò. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ti ń fọ́nnu sí yóò máa nawọ́ sí mi lójú pópó. Mo ti ń sún alùpùpù mi kúrò lábẹ́ òrùlé kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Mo bọ́ sójú ọ̀nà. Òjò ń ta sí mi lójú, mo ń ka àwọn ilé náà nínú orí mi. Ilé kejìlélógún, tiwa. Ilé kọkàndínlógún, ti Bàbá Ahunṣọ, tí ẹ̀gbà ti mú lẹ́nu láti ọdún tó lọ. Bí ẹnu ọ̀nà bá pe òun náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ló máa fi dáhùn? Ta ló gbé e? Bóyá ọmọ rẹ̀. Bóyá ọmọ rẹ̀ rò pé ẹlòmíràn ló gbé e, gẹ́gẹ́ bí Bọ̀ọ̀dá ṣe rò. Ẹni tó ń ṣàìsàn ńkọ́, ẹni tó sùn, ọmọ ọwọ́? Ilé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Èmi nìkan kò lè wọ gbogbo rẹ̀ kí aago méjì tó lù.

Mo dé oríta. Ọ̀nà òsì lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ, ọ̀nà ọ̀tún gun òkè lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n kó àwọn ará àdúgbò náà sí. Mo dúró níbẹ̀, mo ń sunkún bí ẹni tí wọ́n lù. Mo fẹ́ gba òsì. Gbogbo ara mi ló fẹ́ gba òsì.

Mo gba ọ̀tún.

Inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé ń rùn fún aṣọ tútù àti iyán àná. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí mi ni Sùnmọ́là, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, tó tún jẹ́ olórí àwọn méje tí wọ́n ń gbọ́ ìtàn fún Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ. Ọkùnrin aláwàdà ni. Kò mọ ohun tí mo gbé wá.

"Oníká-ní dé o!" ó kígbe. "Ká ní ẹ̀fọn ti jẹ mí mọ́jú. Ká ní ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Bí Oníká-ní bá wọlé, kí n rẹ́rìn-ín!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù sí ẹnu, mo sọ ọ́ kí n má baà ronú mọ́:

"Èmi Ìbírónkẹ́ Adéṣawẹ̀, mo gba gbólóhùn mi padà, èyí tó ní: Ká ní kò sí ènìyàn kankan nínú ilé. Kò dá mi lójú mọ́."

Fóònù bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ilẹ̀kùn kíláàsì tó máa ń ti ara wọn nígbà tí kò bá sí ènìyàn nínú wọn ṣí gbayawu lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń lu ògiri. Káàkiri ìlú, ẹ̀rọ mọ́kànlélógójì dúró. Ìlà tí a bá gbà padà, ẹ̀rọ tó yá a kò ní ṣe nǹkan kan mọ́. Ohun tó bá ti pa yóò tàn, ohun tó bá ti tì yóò ṣí, àfi ilẹ̀kùn omi tí òfin ní kó wà ní títì.

Ìpè Alàgbà wọlé. "O ti ṣe é," ó ní. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Omi ti kan ilà pupa. Kí Ọlọ́run gbà wá." Ó pa á.

Ẹ̀rín ti tán lójú Sùnmọ́là. "Kí lo ṣe yẹn, Ìyáàfin?"

Mo sọ ọ́ fún wọn, gbogbo rẹ̀, mi ò bo ara mi. Mo sọ bí ẹnu ọ̀nà ṣe ń pe ènìyàn, mo sọ ti etí Màámi, mo sọ ti ògiri àti aago mẹ́rin. Mo sọ èyí tí Alàgbà fi lọ̀ mí, mo sì sọ pé ó wù mí láti gbà.

"Dúró ná," Sùnmọ́là ní. "Wọ́n ka ìtàn ilẹ̀kùn omi fún wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo wà níbẹ̀. Kí la sọ nígbà tí wọ́n dé ìlà yẹn?"

Obìnrin kan tó pọn ọmọ, Ìyá Bọ̀sún tí òun náà wà lára àwọn méje, ló dá a lóhùn. "A ní, 'A ti gbọ́.'"

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Àṣà wa ni. Ìlà tí àgbà bá ti gbọ́ rí, tó ti ní ó yé òun, a kì í kà á sí i létí lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé orí rẹ̀ kò pé ni. Òǹkàwé á dé ìlà aláwọ̀ eérú, á fọwọ́ sí i, àwọn méje á ní "A ti gbọ́," wọn á fò ó. Ìwà ọmọlúwàbí ni a pè é.

"A ti gbọ́ ọ lóòótọ́," Sùnmọ́là ní, "àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ iná la ti gbọ́ ọ! Ta ló sọ fún wa pé òun kan náà ni wọn yóò fi da omi lé wa lórí?" Ó kọjú sí mi. Mo rò pé yóò gbá mi létí. "Ẹnu ọ̀nà ń pe èèyàn! Ìyáàfin, ajá lásán mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá á wọlé lọ gbóòórùn."

"Òótọ́ lo sọ," mo ní. "Bú mi tó bá yá. Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká kọ òmíràn. Mo nílò ẹ̀yin méjèèje, ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo máa kà, àtuntun àtàtijọ́. Ẹnì kankan kò gbọdọ̀ sọ 'A ti gbọ́' lónìí."

Wọ́n yí mi ká. Mo ní, "Ká ní ènìyàn ti wọ ilé kọ̀ọ̀kan lọ, kò sì rí ẹnì kankan." Ó mọ́, ó kúrú, irú èyí tí wọ́n máa ń yá.

"Rárá o," Ìyá Bọ̀sún ní. "Abẹ́ ibùsùn ni Bọ̀sún máa ń sùn bí ààrá bá ń sán. Ẹni tó bá yọjú lásán kò ní rí i."

"Ẹni tó bá wọlé kó fi ọwọ́ kan ibùsùn," ẹlòmíràn ní. "Òkùnkùn ń tan ojú jẹ."

"Kó sì jẹ́ ará àdúgbò," Sùnmọ́là ní. "Àlejò kò mọ̀ pé ilé Bàbá Ahunṣọ ní yàrá lẹ́yìn."

Ohun tó jáde níkẹyìn kò dùn ún kà. Ó gùn, ó wúwo, kò sí ẹ̀rọ mìíràn láyé tó lè yá a. Ká ní ẹni tí mò ń kọ́ ló kọ ọ́ ni, ǹ bá ní kó lọ gé e sí wẹ́wẹ́. Mo kà á sókè:

Ká ní omi ti dé ilà pupa.
Ká ní ará àdúgbò kan ti wọ ilé kọ̀ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ, ó ti dé gbogbo yàrá, ó ti fọwọ́ kan gbogbo ibùsùn, ó ti wo abẹ́ wọn, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò sí ènìyàn kankan nínú ilé.
Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ilé ìkẹyìn, tí gbogbo wọn sì ti gun òkè,
kí ilẹ̀kùn omi ṣí.

"Ta ni ará àdúgbò náà?" Ìyá Bọ̀sún béèrè.

Gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀, bí ògiri bá fọ́ kí aago mẹ́rin tó lù, kò ní padà.

"Èmi ni àkọ́kọ́," mo ní. "Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Sùnmọ́là pòṣé. "O rò pé ìwọ nìkan lo nílé níbẹ̀?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè. "Ó yé mi."

Ó yé àwọn mẹ́fà tó kù náà, wọ́n sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtàn náà sì di òfin. Ìyá Bọ̀sún gbé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Aago kan ti lù ó lé díẹ̀ nígbà tí àwa mẹ́jọ dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀pẹ. Ojú ọ̀run ṣú bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Omi ti wà ní kókósẹ̀ lójú títì, kì í ṣe ti ìsédò, ti òjò ni. A pín ilé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náà láàárín ara wa. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé tiwa. Mo ní rárá, kí n má baà gbé Màámi tán kí ẹsẹ̀ mi máa sáré jáde. Mo fi tiwa ṣe ìkẹyìn nínú mẹ́rin tó kàn mí. Bóyá mo kàn ń bẹ̀rù ohun tí màá bá níbẹ̀ ni.

Nínú fóònù ni mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ilé kẹta, kò sí ènìyàn. Ilé kẹjọ, kò sí ènìyàn. Ní ilé kọkàndínlógún, Sùnmọ́là ní, "Wọ́n ti gbé Bàbá Ahunṣọ lọ, ibùsùn rẹ̀ tutù." Mo ní ọpẹ́ ni. Kò pẹ́, ohùn Ìyá Bọ̀sún jáde, ó ń mì: "Ilé kọkànlélọ́gbọ̀n! Obìnrin kan wà níbí! Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́yìn ni, àárọ̀ yìí ló ti ibi iṣẹ́ dé, ó lo oògùn oorun. Mo ń jí i." Ẹnu ọ̀nà náà ti pe onílé, òun kì í ṣe onílé, ayálégbé ni. Mi ò tilẹ̀ ronú kan ayálégbé rí.

Nígbà tí mo dé ilé wa, ọ̀rọ̀ ṣì wà lójú ẹnu ọ̀nà, èyí tó kọ kẹ́yìn kó tó dúró: Ó ṢÓFO. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wọlé.

Iná tàn nínú ilé. Iná yàrá, iná pálọ̀, iná ilé ìdáná, gbogbo rẹ̀ ló tàn yòò. Màámi jókòó sórí àga wọn, báàgì wọn wà lẹ́sẹ̀, gèlè wà lórí, wọ́n ti múra sílẹ̀ láti àárọ̀. Síléètì àti ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ wà lórí itan wọn. Nígbà tí wọ́n rí mi, ojú wọn tàn.

"Àjọkẹ́!" Oríkì mi ni wọ́n fi ń pè mí. "Mo mọ̀ pé wàá wá. Adéògún ní kí n máa bọ̀, mo ní Àjọkẹ́ ti ṣèlérí." Wọ́n nawọ́ sókè sí gílóòbù. "Wò ó! Iná dé! Láti nǹkan bí wákàtí méjì ó lé ló ti tàn, kò kú mọ́. O ti bá mi sọ ọ́ fún wọn, àbí? O ti bá mi tún un ṣe."

Mo dúró sí ojú kan.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi. "Àjọkẹ́, iná ń kú mọ́ mi lórí." Gbogbo ìgbà tí mo bá wá. Mo máa ń wo iná, á máa tàn, nítorí èmi ti dáhùn lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mò ń wọlé. Mo ní ojú wọn ni. Mo ra awò ojú fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé ọjọ́ ogbó ti dé, pé Màámi ti ń ṣe arán. Mo máa lọ, ẹnu ọ̀nà á pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò ní gbọ́, iná á kú. Ọdún márùn-ún ni ìyá mi fi jókòó sínú òkùnkùn nílé ara wọn nítorí gbólóhùn tí gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́ fún mi lé lórí. Olùkọ́ ni wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi pé gbólóhùn tí ọmọ kíláàsì kejì kò bá lè kà, kò tíì parí.

"O ṣé, ọmọ mi," Màámi ní. "Ọlọ́run á tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà tìrẹ náà. Wọ́n ní ojú mi ni, àmọ́ mo mọ̀ pé ìwọ gbà mí gbọ́."

Mo kúnlẹ̀ sínú omi tó ti ń yọ́ wọ pálọ̀. Mo gba síléètì, mo kọ ọ́. Mi ò tíì kọ ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ rí: Èmi ni mo ń pa iná yín. Mo sọ fún ẹ̀rọ pé bí ẹ kò bá dáhùn, ẹ kò sí.

Wọ́n kà á. Wọ́n tún un kà, ètè wọn ń mì bí ìgbà tí wọ́n bá ń máàkì ìwé wa. Wọ́n wò mí. Mi ò rí ìbínú lójú wọn, ìyẹn gan-an ló pa mí lára. Wọ́n nu síléètì náà pẹ̀lú etí ìró wọn, wọ́n fi sínú báàgì.

"Dìde," wọ́n ní. "Omi ń wọ aṣọ rẹ."

Ohùn Sùnmọ́là ń pè mí nínú fóònù. "Ìyáàfin, ilé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti jẹ́wọ́. Tiyín ló kù. Aago mẹ́ta ti fẹ́ lù, ṣe kíá!"

Mo dé gbogbo yàrá. Mo fọwọ́ kan ibùsùn Màámi, mo wo abẹ́ rẹ̀. Mo gbé báàgì wọn sí èjìká, mo di ọwọ́ wọn mú, a rìn dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀ ni Màámi ti dúró. Wọ́n fà mí padà, wọ́n na ọwọ́ sí ara ògiri, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn pa iná náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ilé ìdáná, ti yàrá, ti pálọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jáde.

Mo gbé fóònù sí ẹnu láti sọ ọ́. Kò sí ènìyàn kankan nínú ilé. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré tí mo ti ń fọ́nnu lé lórí láti ọdún méjìlá. Màámi dúró sínú òjò, wọ́n ń wò mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara mi mú wọn jáde, kò sí ẹlòmíràn tó ń gbé ilé yẹn. Síbẹ̀ ẹnu mi kò ṣí.

Mo fi ọwọ́ ṣe àmì sí wọn pé kí wọ́n dúró dè mí. Mo padà wọlé, nínú òkùnkùn, mo tún lọ fọwọ́ kan ibùsùn náà kí n tó sọ ọ́.